Nọ́ńbà IP mẹ́ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo: èwo gan-an ni tèmi?

Olóògùn Tánkẹ · Ọjọ́ Ajé, aago 8:20 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mo ní ilé oògùn kékeré kan ní Tánkẹ, ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n Ọ̀ffà ni èmi àti ìdílé mi ń gbé, nítorí náà bí mo bá ti ti ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́, ojú mi kì í tún kan ibẹ̀ àfi ní ọjọ́ kejì. Ní oṣù tó kọjá, mo fi kámẹ́rà mẹ́rin síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ DVR tó ń gba àwòrán sílẹ̀, mo sì ra ráútà tó ń lo síìmù, kí n lè máa wo ṣọ́ọ̀bù náà lórí fóònù mi nígbà tí mo bá wà nílé. Bí mo bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo tẹ 192.168.8.103, èyí tí oníṣẹ́ tó so kámẹ́rà fún mi, àwòrán máa ń yọ kedere. Bí mo bá dé Ọ̀ffà tí mo tẹ nọ́ńbà kan náà, kò sí nǹkan tó ń jáde.

Oníṣẹ́ ní "IP ìta" ni kí n lò. Mo wo inú ètò ráútà, mo rí nọ́ńbà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100.82. Mo lọ sí ìkànnì kan tó máa ń sọ IP ẹni fún ni, òun tún gbé òmíràn jáde tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 102, ó sì ní Èkó ni mo wà. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti dé Èkó gbẹ̀yìn! Oníṣẹ́ ti wá ń béèrè owó mìíràn báyìí láti "ṣí pọ́ọ̀tù". Ìjàkadì ni orò Ọ̀ffà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti ẹ̀rọ yìí ti fẹ́ dá mi. Ṣé ẹnì kan ló ń lo íntánẹ́ẹ̀tì mi láti Èkó ni? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ kí n tó tún san owó.

Ọmọ Òkè-Odò · Ọjọ́ Ajé, aago 8:41 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí kò gba àfara. Ẹni tó wà ní Èkó yẹn ti wọ inú ráútà yín. Ẹ yọ síìmù náà lálẹ́ òní, kí ẹ sì ra tuntun.

Olùkọ́ Ajásẹ́ · Ọjọ́ Ajé, aago 9:30 alẹ́

Àbúrò mi, má dẹ́rù ba èèyàn. Kò sí olè nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ yìí.

Olóògùn, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀, bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. IP jẹ́ ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ ń tẹ̀lé láti fi nǹkan ránṣẹ́ sí ara wọn, ọdún 1981 sì ni wọ́n kọ ẹ̀yà rẹ̀ tí à ń pè ní IPv4 sílẹ̀, èyí tí ẹ ń rí nọ́ńbà rẹ̀ níwájú yín yìí. Ohunkóhun tí ẹ bá fi ránṣẹ́, ìbáà ṣe àwòrán tàbí ohùn, ẹ̀rọ yóò gé e sí ìdì kéékèèké, yóò sì kọ àdírẹ́sì méjì sára ìdì kọ̀ọ̀kan: ti ẹni tó ń ránṣẹ́ àti ti ẹni tí yóò gbà á. Ẹ wo ẹrù tí a fi rán awakọ̀ láti Ìlọrin sí Ọmù-Àrán. Awakọ̀ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa ní oríta Ajásẹ́-Ìpo kò nílò kí ó mọ àdúgbò tí ẹrù náà ń lọ. Bí ó bá ti mọ̀ pé ọ̀nà Ọ̀ffà yà níhìn-ín, tí ti Ọmù-Àrán sì yà lọ́hùn-ún, iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí. Bí ráútà ṣe ń ṣe nìyẹn. Kò sí èyí tó mọ gbogbo ọ̀nà ayé nínú wọn. Kálukú ń wo ibi tí ìdì ń lọ, ó sì ń gbé e fún ẹni tó kàn.

Àdírẹ́sì náà jẹ́ nọ́ńbà mẹ́rin tí àmì ìdánudúró wà láàárín wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 255. Kò dà bí nọ́ńbà fóònù tí ẹ lè gbé kiri. Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ: nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ̀rọ bá wọ̀ ló ń sọ ọ́ ní nọ́ńbà, fóònù kan náà yóò sì jẹ́ orúkọ kan lórí Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù, yóò jẹ́ òmíràn nílé yín.

Ti 192.168.8.103 yín, orúkọ inú ilé ni. Láti ọdún 1996 ni ìlànà kan ti ya àwọn nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ fún inú ilé: gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, àwọn tó wà láti 172.16 dé 172.31, àti gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168. Ẹnikẹ́ni lè lò wọ́n láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó dà bí Ìyá Àgbà nínú agboolé. Gbogbo agboolé ló ní Ìyá Àgbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró ní Gáréèjì Ọ̀ffà ní Ìlọrin, tí ẹ ní kí ọlọ́kadà gbé yín lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, ibo ni yóò gbé yín lọ? Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà náà fi ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, tí kò sì ṣiṣẹ́ ní Ọ̀ffà. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 102 ni orúkọ tí ayé mọ̀ yín sí, bí orúkọ agboolé. Ní ti 100.82, ó jọ pé ẹ ṣì í kọ ni.

Ẹlẹ́rọ Táíwò · Ọjọ́ Ajé, aago 10:15 alẹ́

Olùkọ́, ẹ ṣeun, àlàyé oríta Ajásẹ́ yẹn dùn mọ́ mi. Àmọ́ wọn kò ṣì í kọ, inú 100.82 gan-an ni gbogbo ẹjọ́ wà. (Olóògùn, ẹ kú làákàyè tí ẹ kò kọ nọ́ńbà ìta yín tán síbí.)

Mo ní àtúnṣe kan sí àfiwé agboolé. Lẹ́tà tó bá jáde láti agboolé ṣì ń jẹ́ orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ráútà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń pa àdírẹ́sì ẹ̀rọ inú ilé rẹ́, yóò fi tirẹ̀ rọ́pò, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan lọ́dọ̀ ara rẹ̀ pé ìdì tó gba pọ́ọ̀tù báyìí (ìyẹn nọ́ńbà ilẹ̀kùn tí ìdì ń gbà lára ẹ̀rọ) jáde, DVR ló ni ín. Bí èsì bá dé, yóò wo ìwé náà, yóò sì dá a padà fún ẹni tó ni ín. NAT ni à ń pe iṣẹ́ yìí. Ohun tó tìdí rẹ̀ yọ ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde láti inú ilé ni orúkọ rẹ̀ máa ń wà nínú ìwé. Bí ẹnì kan bá ṣàdédé ti ìta wá kan ilẹ̀kùn, bí ẹ ṣe ń ṣe láti Ọ̀ffà, ráútà kò mọ ẹni tí yóò pè fún un, yóò sì da ìdì náà nù. Ṣíṣí pọ́ọ̀tù kò ju kí a kọ ọ́ sínú ìwé náà ṣáájú pé ohunkóhun tó bá kan pọ́ọ̀tù báyìí, kí wọ́n gbé e fún DVR.

Ó máa ń ṣiṣẹ́ bí nọ́ńbà ìta bá wà lórí ráútà yín fúnra rẹ̀. Tiyín kò sí níbẹ̀. Láti 100.64.0.0 dé 100.127.255.255 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ ní ọdún 2012 fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n máa fi sọ àwọn oníbàárà lórúkọ láàárín ara wọn. Ìyẹn ni pé NAT méjì ni àwòrán yín ní láti là kọjá: ti ráútà yín ní Tánkẹ, àti ti ilé-iṣẹ́ náà. Nọ́ńbà 102 yẹn, ti ilé-iṣẹ́ ni, ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ oníbàárà mìíràn lẹ sì jọ ń jẹ ẹ́ lórúkọ ní àkókò kan náà. Ẹ ṣí pọ́ọ̀tù ráútà yín títí ilẹ̀ ó fi mọ́, ìwé ti ilé-iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ yín. Nítorí náà, ẹ má san owó náà.

Nọ́ńbà ló tán ni gbogbo èyí fi ṣẹlẹ̀. Bíìtì 32, ìyẹn àyè 32 tí a lè kọ òdo tàbí ení sí, ni àdírẹ́sì IPv4 ní, gbogbo àdírẹ́sì tó lè jáde látinú rẹ̀ kò sì ju 4,294,967,296 lọ, èyí tí kò tó iye ènìyàn tó wà láyé, ká má tíì sọ ti fóònù, kámẹ́rà àti tẹlifíṣọ̀n. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2011 ni IANA, àjọ tó ń bójú tó nọ́ńbà IP fún gbogbo àgbáyé, pín ìpín ńlá márùn-ún tó kẹ́yìn fún àjọ ẹlẹ́kùnjẹkùn márààrún, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. AFRINIC, tó wà ní orílẹ̀-èdè Mauritius, ló ń pín ti Áfíríkà, nígbà tó sì fi di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, àpò tirẹ̀ náà ti gbẹ débi pé 1,024 ló pọ̀ jù tí ilé-iṣẹ́ kan lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Kí ni ilé-iṣẹ́ tó ní mílíọ̀nù oníbàárà yóò fi 1,024 ṣe?

Ní ti Èkó, ìkànnì yẹn kò rí yín. Àkójọ kan tó so ìdìpọ̀ nọ́ńbà mọ́ ìlú ló ń wò. Bí ibi tí ilé-iṣẹ́ náà ń gbà bọ́ sí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà ní Èkó, Èkó ni yóò máa kọ, bí ẹ tilẹ̀ jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù yín.

Bàbá Ọmù-Àrán · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:50 àárọ̀

Mo gba ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́rọ gbọ́, àfi ibi kan. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá sanwó nítorí IP ló fi owó ṣòfò. Ọ́fíìsì tí mo ń bójú tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti orí òpó, kì í ṣe síìmù, a sì ń san owó díẹ̀ lé e lóṣooṣù kí ilé-iṣẹ́ náà lè yọ nọ́ńbà ìta kan sọ́tọ̀ fún àwa nìkan, nọ́ńbà tí kì í yí padà. Ṣíṣí pọ́ọ̀tù ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹ kọ́kọ́ pe ilé-iṣẹ́ yín, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ń tà á.

Ohun kejì ni 103 tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà DVR yín. Ta ló fún un, ráútà ni àbí oníṣẹ́? Ráútà ló sábà máa ń pín nọ́ńbà inú ilé fúnra rẹ̀, fún ìwọ̀n àkókò kan, nípasẹ̀ ètò tí à ń pè ní DHCP. Bí iná bá lọ tó sì dé, ó lè gbé 103 fún fóònù oníbàárà tó wá ra oògùn. Ojú mi rí èyí nínú yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ẹnì kan fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà sórí ìtẹ̀wé, ráútà tún pín nọ́ńbà kan náà fún kọ̀ǹpútà, àwọn méjèèjì sì ń lé ara wọn kúrò ní ìdákúrekú. Odindi ọ̀sẹ̀ kan la fi ń bú ìtẹ̀wé tí kò ṣẹ̀. Ẹ wọ inú ètò ráútà, kí ẹ yan nọ́ńbà kan fún DVR títí lọ pẹ̀lú nọ́ńbà MAC rẹ̀, èyí tí wọ́n ti kọ mọ́ ọn láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é.

Ọmọ Òkè-Odò · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:05 àárọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, mo yára jù. Àmọ́ bí IP kò bá sọ ibi tí ènìyàn wà, báwo ni àwọn ọlọ́pàá ṣe ń fi mú oníjìbìtì? Nínú fíìmù, wọ́n á tẹ nọ́ńbà náà, ilé á sì yọ lójú máàpù.

Amòfin Gàá Àkànbí · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:12 ọ̀sán

Fíìmù ni, àbúrò. Ohun tí nọ́ńbà IP lè sọ fún gbogbo ènìyàn ni ilé-iṣẹ́ tó ni ín, nítorí ìwé àwọn àjọ tó ń pín nọ́ńbà wà ní gbangba. Láti ibẹ̀, àwọn agbófinró ní láti lọ bá ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú àṣẹ tó bófin mu, kí wọ́n béèrè pé ta ló ń lo nọ́ńbà yìí ní ọjọ́ báyìí, ní ìṣẹ́jú báyìí. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń jọ lo nọ́ńbà kan bí Ẹlẹ́rọ ti ṣàlàyé, ìṣẹ́jú nìkan kò tó. Nọ́ńbà pọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ pẹ̀lú, bí kò ṣe bẹ́ẹ̀ aláìṣẹ̀ ni wọn yóò mú. Ẹni tí wọ́n bá sì rí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí síìmù ni, ó lè má jẹ́ ẹni tó hùwà náà rárá. Olóògùn, ìdí mìíràn nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ máa fún gbogbo oníbàárà ní Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù.

Síbẹ̀, ẹ má fi ojú kékeré wo nọ́ńbà náà. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka àmì ìdánimọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ohun tí a lè fi dá ènìyàn mọ̀.

Olóògùn Tánkẹ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:02 alẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo pe ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n ní àwọn kì í ta nọ́ńbà ìta fún irú síìmù tí mo ń lò. Mo ti sọ fún oníṣẹ́ pé n kò san owó pọ́ọ̀tù mọ́. Ó bínú díẹ̀. Kí ni mo wá lè ṣe?

Ìgbómìnà Tòótọ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:20 alẹ́

IPv6, ẹ̀yà IP tó dé lẹ́yìn IPv4, ni òpin gbogbo ìyọnu yìí. Bíìtì 128 ló ní, iye àdírẹ́sì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 34 tí òdo 37 tẹ̀lé e, débi pé gbogbo kámẹ́rà lè ní orúkọ ìta tirẹ̀ láìsí NAT. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 2012 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti tan án sílẹ̀ káàkiri àgbáyé. Ẹ wo inú ráútà yín bóyá ẹ óò rí nọ́ńbà gígùn tó ní lẹ́tà àti àmì onítóótó méjì nínú.

Ẹlẹ́rọ Táíwò · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 10:01 alẹ́

Òótọ́ ni lórí ìwé, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé Olóògùn gba ọ̀nà yẹn. Síìmù ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ ní IPv6, fóònù tó wà ní Ọ̀ffà gbọ́dọ̀ ní in, DVR náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, ilé-iṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ dí ohun tó ń ti ìta wọlé. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́rin yìí, asán ni.

Ẹ rántí pé ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni ìwé NAT mọ̀. Ẹ jẹ́ kí DVR fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ètò kan tí wọ́n kọ P2P sí lára. Bí ẹ bá tan án, DVR yóò jáde lọ bá ẹ̀rọ alárinà kan tó jẹ́ ti ẹni tó ṣe é, yóò sì máa bá a sọ̀rọ̀ kí ọ̀nà má bàa dí. Fóònù yín náà yóò jáde láti Ọ̀ffà lọ bá alárinà kan náà, òun ni yóò sì so ẹ̀yin méjèèjì pọ̀. Kò sí pọ́ọ̀tù tí a ṣí, kò sí nọ́ńbà ìta tí a rà. Ẹ fi áàpù rẹ̀ ya àmì onígun mẹ́rin (QR) tó wà nínú ètò DVR.

Amòfin Gàá Àkànbí · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 10:26 alẹ́

Ẹlẹ́rọ, ọ̀dọ̀ àjèjì ni àwòrán àwọn aláìsàn tó wá ra oògùn yóò máa gbà kọjá nígbà náà. Kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹlẹ́rọ Táíwò · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 10:40 alẹ́

Mo gbà. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ìyẹn lè háyà ẹ̀rọ kékeré tó ní nọ́ńbà ìta, kí ó fi WireGuard, ètò tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàárín ẹ̀rọ, ṣe alárinà ara rẹ̀, ṣùgbọ́n owó oṣooṣù ni, ó sì gba ìmọ̀. Fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì wà ní títì, P2P tó, bí kò bá ti kọ ojú kámẹ́rà sí ibi tí a ti ń fún aláìsàn ní oògùn.

Olùkọ́ Ajásẹ́ · Ọjọ́rú, aago 7:15 àárọ̀

Kí ẹ tó tan ohunkóhun, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá DVR wá láti ilé-iṣẹ́. Ní ọdún 2016, ètò burúkú kan tó ń jẹ́ Mirai ń kan ilẹ̀kùn nọ́ńbà IP kọ̀ọ̀kan kiri, ó sì ń dán irú ọ̀rọ̀ aṣínà bẹ́ẹ̀ wò lára kámẹ́rà àti DVR. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn ẹ̀rọ tó ti kó lẹ́rú ya lu Dyn, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn ìkànnì sọ orúkọ wọn di nọ́ńbà IP, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà kò sì rí Twitter àti Netflix ṣí fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ní ti 100.82, Ẹlẹ́rọ, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀kọ́ mi.

Olóògùn Tánkẹ · Ọjọ́rú, aago 12:48 ọ̀sán

Mo ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà, mo ti tan P2P, mo sì ti ya àmì náà. Ohun tó ń kọ ni pé DVR kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ fóònù mi ń lo Wi-Fi kan náà láìsí wàhálà. Nínú ètò DVR, IP jẹ́ 192.168.8.103, subnet jẹ́ 255.255.255.0, gateway jẹ́ 192.168.1.1.

Bàbá Ọmù-Àrán · Ọjọ́rú, aago 1:05 ọ̀sán

Gateway yẹn ni. 255.255.255.0 ń sọ fún DVR pé gbogbo ẹni tí nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ bá jẹ́ 192.168.8 wà nínú ilé pẹ̀lú rẹ̀, kí ó bá wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹni tó bá wà níta, kí ó gbé ìdì rẹ̀ fún ẹnu ọ̀nà, ìyẹn gateway. Ẹnu ọ̀nà tí oníṣẹ́ yín júwe fún un kò sí nínú ilé yẹn rárá. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí àwòrán nínú ṣọ́ọ̀bù, tí DVR kò sì lè jáde síta. Nọ́ńbà tí ẹ fi ń wọ inú ètò ráútà ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Bí mo ṣe rò ó, 192.168.8.1 ni yóò jẹ́. Ẹ fi 8.8.8.8 sí àyè DNS, kí ó lè rí nọ́ńbà alárinà náà wá láti ara orúkọ rẹ̀.

Olóògùn Tánkẹ · Ọjọ́rú, aago 9:33 alẹ́

Ọ̀ffà ni mo wà, lórí àga mi, mo sì ń wo ológbò kan tó ń sùn sórí káńtà mi ní Tánkẹ. N kò mọ ibi tó gbà wọlé. Bàbá, gateway ni lóòótọ́! Ṣùgbọ́n dátà mi ń lọ bí omi.

Bàbá Ọmù-Àrán · Ọjọ́rú, aago 9:50 alẹ́

Ẹ lọ sí ètò àwòrán, kí ẹ yan substream, ìyẹn àwòrán tí kò kedere tó ti àkọ́kọ́, fún wíwò lórí fóònù. Bí kámẹ́rà kan bá ń rán mẹ́gábíìtì 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 900 MB ni yóò jẹ ní wákàtí kan. Bí ẹ bá fà á wálẹ̀ sí kílóbíìtì 256, kò ní í ju nǹkan bí 115 MB lọ. Ti aláwòrán kedere náà yóò ṣì máa wà lórí díìsìkì nínú ṣọ́ọ̀bù. Lọ́la, ẹ wo òrùlé lẹ́yìn káńtà, ibẹ̀ ni ológbò sábà máa ń gbà.